Bọ́dà Aláwọ̀ Yí Fọ́tò Ká: Sọ́fítíwíà Mẹ́fà, Èwo Ló Bá Iṣẹ́ Yín Mu?

Fọ́tò tí etí rẹ̀ bá funfun, tí a wá gbé e sórí ojú ìwé funfun, kì í ní ibi tó parí sí. Ojú sánmà tó mọ́ kedere nínú rẹ̀ á kàn dà pọ̀ mọ́ ojú ìwé, ẹni tó ń wò ó á sì rò pé wọ́n gé e kù ni. Bọ́dà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló máa ń tún un ṣe. Bọ́dà yìí kan náà ló ń mú kí ogún fọ́tò tí èèyàn mẹ́wàá yà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ jọ ọmọ ìyá kan náà nígbà tí a bá tò wọ́n sójú kan.

Iṣẹ́ náà kò tóbi. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá fi ṣe é ló máa sọ bóyá ìṣẹ́jú kan ni ẹ máa lò nídìí rẹ̀ tàbí odidi ọ̀sán kan, bóyá ẹ lè pa àwọ̀ rẹ̀ dà tó bá di ọ̀la, àti bóyá bọ́dà náà máa bo ìka ọwọ́ ẹnì kan mọ́lẹ̀ létí fọ́tò. Mẹ́fà ni mo fẹ́ fi wé ara wọn níbí: GIMP, Photoshop, Photopea, Canva, Snapseed àti ImageMagick. Ká tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ìbéèrè àkọ́kọ́, òun náà ló sì ṣe pàtàkì jù lójú tèmi: ṣé inú ni bọ́dà náà ń jẹ wọ̀ ni, àbí ìta ló ń kún sí? Ẹ jẹ́ ká mú fọ́tò tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì (àwọn ẹyọ àmì kéékèèké tí fọ́tò fi wà) 1080 × 1080. Bọ́dà píksẹ́lì 40 tó bá jẹ wọnú á bo 40 mọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ohun tó máa kù fún ojú láti rí ni 1000 × 1000. Nǹkan bí ìdá 14 nínú 100 fọ́tò yín ti wọlẹ̀ lọ nìyẹn. Tó bá jẹ́ ìta ló kún sí, fọ́tò ò pàdánù ohunkóhun, àmọ́ fáìlì náà á di 1160 × 1160. Bí ibi tí ẹ fẹ́ gbé e sí bá jẹ́ 1080 nìkan ló ń gbà, á fún fọ́tò náà kù fúnra rẹ̀ tàbí kó gé etí rẹ̀, bọ́dà tí ẹ ṣe ló sì máa kọ́kọ́ fara gbá a. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì. Èyí tó burú ni kí sọ́fítíwíà ṣe ọ̀kan fún yín láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

Ìkejì ni bóyá ẹ lè pa á dà. Àwọn kan máa ń lẹ bọ́dà mọ́ fọ́tò pátápátá, tí ẹ bá ti fi pa mọ́, ó ti di ara rẹ̀ nìyẹn. Àwọn mìíràn máa ń gbé e sórí layer tirẹ̀, ìyẹn abala ọ̀tọ̀ tó tẹ́ lé fọ́tò lórí bí ìwé tí a lè rí òdìkejì rẹ̀, tí fọ́tò á sì wà lábẹ́ láìfarapa. Ẹni tí oníbàárà rẹ̀ máa ń yí ọkàn padà nílò irú kejì yìí bí ẹni nílò omi.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni iye fọ́tò. Ọ̀kan tàbí méjì, ohun gbogbo ló dára fún un. Tó bá ti di igba, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Ẹ tún wo owó, ẹ wo bóyá ó nílò íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì wo ibi tí fọ́tò yín ń lọ nígbà tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀: ṣé orí ẹ̀rọ yín ló dúró sí, àbí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn? Fọ́tò ọmọdé, ti aláìsàn tàbí ti ìwé àdéhùn kì í ṣe ohun tí a ń gbé káàkiri.

Èyí tó kẹ́yìn ni bí àwọ̀ ṣe péye tó. Kóòdù bíi #7A1F2B máa ń sọ ìwọ̀n pupa, ewé àti búlúù tó wà nínú àwọ̀ kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ipele 256, ìyẹn ló fi jẹ́ pé àwọ̀ 16,777,216 ló wà níbẹ̀ láti yàn. Ilé-iṣẹ́ tó bá ní àwọ̀ tirẹ̀ pàtó, kóòdù ló máa fún yín, áàpù tí kò bá sì ní ibi tí a ti lè tẹ kóòdù sí kò lè ṣe iṣẹ́ wọn.

Ohun kan wà tó kan gbogbo wọn pátá: ẹ má ṣe há ìwọ̀n bọ́dà kan sórí bí ẹni há àdúrà. Píksẹ́lì 20 lára fọ́tò tó fẹ̀ ní 800 á hàn dáadáa. Ogún yẹn kan náà lára fọ́tò kámẹ́rà tó fẹ̀ ní 6000, ojú lè má rí i rárá. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ tó kúrú jù lára fọ́tò ṣe òṣùwọ̀n. Ìdá 2 sí ìdá 4 nínú 100 rẹ̀ ni mo fẹ́ràn fún bọ́dà kan ṣoṣo.

GIMP

Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, macOS àti Linux, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ tí ẹ bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní yunifásítì Berkeley ní California, Spencer Kimball àti Peter Mattis, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1995.

Ó ní àpótí tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ yìí. Ẹ lọ sí Filters, ẹ yan Decor, kí ẹ tẹ Add Border. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti sọ bí bọ́dà ṣe máa nípọn tó lọ́tùn-ún àti lósì (X), bó ṣe máa nípọn tó lókè àti nísàlẹ̀ (Y), àti àwọ̀ rẹ̀. Nǹkan kan tún wà lábẹ́ àwọ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kọbi ara sí: Delta value on color. GIMP fúnra rẹ̀ máa ń kọ 25 síbẹ̀. Nọ́ńbà yìí ló ń sọ àwọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ yàn di mẹ́rin. Bọ́dà òkè á mọ́lẹ̀ jù, ti òsì á tẹ̀ lé e, ti ọ̀tún á ṣókùnkùn díẹ̀, ti ìsàlẹ̀ á ṣókùnkùn jù lọ. Ní igun kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ méjì á pàdé lórí ìlà tó dagun, bíi ti férémù onígi tí káfíńtà gé etí rẹ̀ sí ara wọn. Ó rẹwà fún fọ́tò ìrántí. Àmọ́ tó bá jẹ́ àwọ̀ ilé-iṣẹ́ kan ni ẹ tẹ̀ síbẹ̀, kò sí ẹ̀gbẹ́ kankan tí ẹ máa rí àwọ̀ yẹn gan-an. Ẹ sọ ọ́ di 0, gbogbo ẹ̀gbẹ́ á dọ́gba. Ẹni tó bá ń ráhùn pé GIMP ń yí àwọ̀ òun padà, ibẹ̀ yẹn ni kó lọ wò.

Ìta ni Add Border máa ń kún sí, àfi tí ẹ bá yọ àmì kúrò níwájú Allow resizing. Ó tún máa ń gbé bọ́dà náà sórí layer tirẹ̀, èyí ló sì mú kí n fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ tẹ layer yẹn, ẹ tẹ àmì tó ń dáàbò bo ibi tó ṣófo lára rẹ̀, ìyẹn Lock alpha channel, kí ẹ wá lo Fill with Pattern tó wà lábẹ́ Edit. Bọ́dà nìkan ni iṣẹ́ ọnà náà máa kùn, kò ní kan fọ́tò rárá. Báyìí ni ẹ ṣe lè gbé bọ́dà onígi, onímábù tàbí aláràbarà yọ láti ara bọ́dà tó tẹ́jú. Ẹ fi í pa mọ́ ní XCF, irú fáìlì tí GIMP fúnra rẹ̀ ń lò, kí layer má bàa pòórá, kí ẹ sì fi Export gbé JPEG tàbí PNG jáde fún àwọn tó fẹ́ wò ó.

Nínú Decor yẹn kan náà ni Fuzzy Border wà, èyí tí etí rẹ̀ máa ń rí jágajàga bí ìwé tí wọ́n fọwọ́ ya. Inú lòun ń jẹ wọ̀, nítorí náà ẹ má lò ó fún fọ́tò tí èèyàn dúró sí etí rẹ̀.

Àléébù GIMP ni pé kò rọrùn láti fi ṣe ọgọ́rùn-ún fọ́tò lẹ́ẹ̀kan, àyàfi ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń kọ script, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà á máa tẹ̀ lé fúnra rẹ̀. Ojú rẹ̀ náà kì í tètè mọ́ra fún ẹni tí kò lo irú rẹ̀ rí.

Photoshop

Láti 1990 ni Photoshop ti wà lọ́jà, Thomas Knoll àti John Knoll ló ṣe é, Adobe sì ń tà á. Láti 2013, Adobe ò ta ẹ̀yà tuntun rẹ̀ ní àràpa mọ́, àsansílẹ̀ ni. Ọjọ́ tí ẹ bá dáwọ́ owó dúró ni ẹnu ọ̀nà á tì.

Ọ̀nà méjì ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Canvas Size lábẹ́ Image ni èyí tó ń kún sí ìta. Ẹ fi àmì sí Relative, ẹ tẹ ìwọ̀n tí ẹ fẹ́, ẹ yan àwọ̀. Ẹ kíyè sí i pé nọ́ńbà tí ẹ tẹ̀ síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ méjì ló máa pín in: ẹni tó bá fẹ́ 40 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, 80 ni kó kọ. Bọ́dà tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju bí a ṣe fẹ́ lọ, ohun tó máa ń fà á nìyẹn.

Ọ̀nà kejì ni Stroke tó wà nínú Layer Style. Ó ń jẹ́ kí ẹ fi àwọ̀ kan, àwọ̀ tó ń rá sínú òmíràn, tàbí iṣẹ́ ọnà kún bọ́dà, ẹ sì lè padà wá yí i nígbàkígbà nítorí pé kò fọwọ́ kan píksẹ́lì fọ́tò rárá. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú layer Background sílẹ̀ kó tó gbà. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó rí Position, ibẹ̀ sì ni ìwà rẹ̀ ti ń hàn. Outside máa ń sọ igun di róbótó, tí fọ́tò bá sì ti kún gbogbo àyè iṣẹ́ yín, ẹ ò ní rí i rárá nítorí pé ẹ̀yìn odi ló wà. Inside ló ń jẹ́ kí igun mú ṣáṣá, àmọ́ inú fọ́tò ló ń jẹ wọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ igun tó mú ṣáṣá láìbo fọ́tò, Canvas Size ni kí ẹ lò.

Fún ọ̀pọ̀ fọ́tò, ẹ lè gba iṣẹ́ yín sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Action, kí ẹ fi Batch ṣe é fún odidi fóldà kan. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kò sì nílò kóòdù kankan. Ẹni tó ti ń sanwó Photoshop tẹ́lẹ̀ kò ní ìdí láti wá òmíràn lọ. Ẹni tí kò sì sanwó rẹ̀, mi ò ní sọ pé kó lọ san án torí bọ́dà.

Photopea

Inú bráwúsà ni Photopea ń ṣiṣẹ́. Ojú rẹ̀ jọ ti Photoshop gan-an, ó ń ṣí PSD, irú fáìlì tí Photoshop ń lò, Canvas Size àti Stroke tí mo ṣàlàyé lókè sì wà níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó bá lè fara da ìpolówó ọjà létí ojú ẹ̀rọ. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú bráwúsà ló wà, orí ẹ̀rọ yín ni fọ́tò yín dúró sí, kì í gbé e lọ sórí sáfà, ìyẹn ẹ̀rọ ẹlòmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó mú kí n gbé e ga ju ọ̀pọ̀ ìkànnì tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nìyẹn. Tí fọ́tò bá tóbi jù, tí kọ̀ǹpútà ò sì lágbára, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

Canva

Orílẹ̀-èdè Ọsirélíà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2013, àwọn tí kò kọ́ iṣẹ́ ayàwòrán ni wọ́n sì ní lọ́kàn. Kò sí èyí tó yá tó o láàárín mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó bá jẹ́ bọ́dà olódòdó, oníràwọ̀ tàbí aláràbarà ni ẹ ń wá, torí wọ́n ti yà wọ́n sílẹ̀ dè yín. Ẹ kàn máa wá "border" nínú Elements ni.

Ẹ má ṣe fi border rẹ̀ pe frame rẹ̀. Border máa ń jókòó lórí fọ́tò, ó sì ń bo etí rẹ̀. Frame jẹ́ àyè tó ṣófo tí ẹ máa fa fọ́tò sínú rẹ̀, tó sì máa gé fọ́tò náà bá ara rẹ̀ mu. Àwọn border kan wà tí ẹ lè pa àwọ̀ wọn dà, àwọn kan ò sì gbà bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá tẹ ọ̀kan tí àpótí àwọ̀ ò sì jáde lókè, kò lè yí padà nìyẹn, ẹ wá òmíràn. Àwọn tó dára díẹ̀ wà fún àwọn tó ń sanwó nìkan.

Ìwọ̀n iṣẹ́ ni ẹ kọ́kọ́ ń yàn ní Canva, kí ẹ tó gbé fọ́tò sí i. Nítorí náà, ìwọ̀n fáìlì ò ní yí padà mọ́ yín lọ́wọ́, ìyẹn sì dára fún ẹni tó ń gbé nǹkan sórí ìkànnì lójoojúmọ́. Àmọ́ orí sáfà wọn ni fọ́tò yín máa wà, íntánẹ́ẹ̀tì sì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ dúró lé.

Snapseed

Orí fóònù lòun wà, ti Google ni, ọ̀fẹ́ ni. Ohun èlò Frames rẹ̀ ní férémù tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, Expand rẹ̀ sì lè fi funfun tàbí dúdú fẹ etí fọ́tò síta. Fún funfun àti dúdú, ó yá, ó sì mọ́. Ẹni tó bá ń wá àwọ̀ tirẹ̀ pàtó, kó kọjá lọ.

ImageMagick

Èyí kò ní bọ́tìnnì tí ẹ ó máa tẹ̀. Àṣẹ ni ẹ máa kọ sínú fèrèsé àṣẹ kọ̀ǹpútà yín (Terminal), òun á sì ṣe é. Láti 1990 ló ti wà fún gbogbo ayé, ọ̀fẹ́ sì ni. Àṣẹ kíkọ yìí ló ń mú kí àwọn kan máa sá fún un, òun náà ló sì fi jẹ́ pé kò sí èyí tó lè bá a dé ibi tó dé tó bá di ọ̀pọ̀ fọ́tò. Ẹ wo bí ó ṣe kúrú tó:

magick foto.jpg -bordercolor "#7A1F2B" -border 40 foto2.jpg

Bọ́dà píksẹ́lì 40 ti kún sí ìta nìyẹn, pẹ̀lú àwọ̀ tí ẹ kọ gẹ́lẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ bọ́dà méjì, funfun tẹ́ẹ́rẹ́ nínú àti pupa níta, ẹ kọ wọ́n tẹ̀ léra. Èyí tí ẹ bá kọ́kọ́ kọ ló máa sún mọ́ fọ́tò:

magick foto.jpg -bordercolor white -border 10 -bordercolor "#7A1F2B" -border 40 foto2.jpg

Tí ẹ ò bá fẹ́ kí ìwọ̀n fáìlì yí padà, ẹ kọ́kọ́ fá etí rẹ̀ kúrò, kí ẹ tó fi bọ́dà dí i:

magick foto.jpg -shave 40x40 -bordercolor "#7A1F2B" -border 40 foto2.jpg

Ẹ rí i pé ìbéèrè inú àti ìta tí mo fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan péré ló yà wọ́n sọ́tọ̀ níbí, ẹ sì ń fi ojú ara yín rí èyí tí ẹ yàn. Fún odidi fóldà:

magick mogrify -path tuntun -bordercolor "#7A1F2B" -border 40 *.jpg

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fo "-path tuntun" yẹn. Mogrify láìsí i, orí fọ́tò yín gangan ló máa kọ bọ́dà lé, kò sì ní béèrè lọ́wọ́ yín kó tó ṣe é. Ẹ dá fóldà "tuntun" náà sílẹ̀ kí ẹ tó tẹ àṣẹ. Lórí PNG tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, àwọ̀ bọ́dà máa ń ṣàn kún gbogbo ibi tó ṣófo. Tí ẹ kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fi -compose Copy síwájú -border.

Àwọ̀ àti fáìlì

Ní 1839, Michel Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́místrì tó ń bójú tó iṣẹ́ aró ní ilé-iṣẹ́ Gobelins ní Paris, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde nípa bí àwọ̀ ṣe ń yí àwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ padà lójú ẹni. Ohun tó sọ ṣì ń ṣẹlẹ̀ lára gbogbo bọ́dà tí à ń ṣe. Bọ́dà dúdú máa ń mú kí fọ́tò dà bíi pé ó mọ́lẹ̀ sí i, bọ́dà funfun sì máa ń mú kó dà bíi pé ó ṣókùnkùn. Bọ́dà ewé tó ta ojú lè mú kí ojú èèyàn inú fọ́tò pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ fi ohun èlò tó ń fa àwọ̀ mu yan àwọ̀ láti ara fọ́tò fúnra rẹ̀: ẹ̀wù, ilẹ̀kùn, ewé tó wà lẹ́yìn. Kí ẹ wá mú un ṣókùnkùn díẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìgbà tí kì í bá a mu.

Àwọ̀ pupa ní ìṣòro tirẹ̀. JPEG sábà máa ń dín kúlẹ̀kúlẹ̀ àwọ̀ kù láti mú kí fáìlì fúyẹ́, ibi tí pupa bá ti pàdé dúdú sì ni ẹ ti máa kọ́kọ́ rí i: ìlà bọ́dà tó yẹ kó mú ṣáṣá á máa rí hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Ní GIMP, ẹ yan 4:4:4, èyí tí kì í dín kúlẹ̀kúlẹ̀ àwọ̀ kù bẹ́ẹ̀, nígbà tí ẹ bá ń gbé JPEG jáde. Ní ImageMagick, ẹ fi -quality 92 sí àṣẹ yín. Ní Canva, PNG ni kí ẹ mú.

Fún fọ́tò tí ẹ máa tẹ̀ sórí pépà, ẹ má jẹ́ kí bọ́dà kéré sí mìlímítà 5. Ọ̀bẹ tó ń gé pépà lè yẹ̀ díẹ̀, lára bọ́dà tẹ́ẹ́rẹ́ ni èèyàn sì ti máa rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan nípọn ju èkejì lọ. Lára fọ́tò 10 × 15 sẹ̀ǹtímítà tí ẹ ṣe ní píksẹ́lì 300 fún ínǹṣì kan, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1181 × 1772, mìlímítà 5 jẹ́ nǹkan bíi píksẹ́lì 59.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ẹni tó ń ṣe fọ́tò ìrántí fún ẹbí, tó ní kọ̀ǹpútà, tó sì fẹ́ bọ́dà tó ní ìjìnlẹ̀, GIMP ni. Mi ò rí èyí tó ń fúnni ní bọ́dà tó dára tó bẹ́ẹ̀ láìgba owó.

Olùtajà tó ń gbé nǹkan síta lójoojúmọ́ láti orí fóònù, tí kò sì fẹ́ kí ìwọ̀n fáìlì máa yẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́, Canva ni kó mú. Snapseed tó fún un tó bá jẹ́ funfun tàbí dúdú lásán ló ń lò.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún oníbàárà tó máa béèrè àtúnṣe, Stroke ni kó máa lò. Tó bá ní Photoshop, kó lò ó níbẹ̀. Tí kò bá ní in, tàbí tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ tí kò gba kí wọ́n gbé sọ́fítíwíà sí i ló wà nídìí rẹ̀, kó ṣí Photopea.

Ẹni tó ní fọ́tò ọgọ́rùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí bọ́dà gbogbo wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba, kó fi wákàtí kan kọ́ ImageMagick. Kó kọ́kọ́ dán àṣẹ náà wò lórí fọ́tò mẹ́ta tó ti ṣe àdàkọ wọn sínú fóldà mìíràn, kó ṣí wọn wò ní ìwọ̀n gidi wọn, kó tó wá jẹ́ kó ṣe ìyókù.